Ta Ló Ń Sọ fún Ẹ̀dọ̀ Pé Ó Ti Tó?

Àwọn tí ò ráyè wá lọ́jọ́ Sátidé ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí, ibi tí máìkì ti ń hu nìkan ni mo yọ.

Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé òórùn ẹran tútù ò yẹ gbọ̀ngàn tí gbogbo yín wọ aṣọ tó dáa wá yìí, àmọ́ kiní tó wà nínú ọ̀rá dúdú yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lónìí. Láàárọ̀ kùtù ni mo lọ rà á lọ́dọ̀ alápatà, ó ní ṣé kí òun gé e fún mi ni, mo ní rárá, odindi ẹ̀dọ̀kì ni mo fẹ́, ó wá ń wò mí bíi pé ètùtù ni mo fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tí mo rí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn: kó tó gbé e fún mi, ó fi ọ̀bẹ yọ àpò òróòro kúrò lábẹ́ ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, torí ó mọ̀ pé tí omi inú ẹ̀ bá fi lè ta sára ẹran pẹ́nrẹ́n, ó ti korò nìyẹn, oníbàárà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òróòro sápá kan ná, mo máa padà sí i.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà. Bóyá lórí WhatsApp ni, bóyá lẹ́nu àwọn tó ń polówó àgbo nínú mọ́tò, wọ́n á ní ẹ máa mu ọtí yín, ẹ̀dọ̀ ò lè tán. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ tó wà níbẹ̀ ló pọ̀. Èmi ò rí nǹkan ìyanu kankan nínú pé ó ń hù, irun ń hù, èékánná ń hù, jẹjẹrẹ náà dẹ̀ ń hù. Ohun tó ń gbà mí lóorun ni pé ẹ̀dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró. Ẹ gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ sọnù, á dàgbà padà, tó bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, á dúró síbẹ̀. Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Níbo ni òṣùwọ̀n ọ̀hún wà? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìdáhùn ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ wo ibí yìí kẹ́ ẹ tó máa sùn. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà èèyàn tó nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló wà. Ihò tó wà lábẹ́ èyí, ẹ rí i, ìka mi wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gbà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkàn tààrà kọ́ ló ti ń bọ̀ o, ọ̀dọ̀ ìfun àti ikùn ló ti ń bọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń gbà dẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá gbé mì, ẹ̀bà o, Panadol o, ọtí o, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa dé kó tó dé ibòmíì. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni ẹ̀dọ̀, bọ́dà ló jókòó sí, ẹni tó dẹ̀ jókòó sí bọ́dà, ọta á máa bà á. Ìdí tó fi nílò agbára àtitún ara ẹ̀ ṣe ju ọkàn àti ọpọlọ lọ nìyẹn.

Ó dáa. Ní 1931, ní Mayo Clinic ní Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà, àwọn méjì kan, Higgins àti Anderson, kọ bí wọ́n ṣe ń gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku sílẹ̀, títí dòní ọ̀nà tiwọn yẹn náà ni gbogbo ayé ṣì ń tọ̀. Mo ti dúró ti ẹni tó ń ṣe é rí nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ẹ̀dọ̀ eku ò rí pẹrẹsẹ bíi ti màlúù yìí, ewé-ewé ló rí, bíi ẹ̀fọ́ tí wọ́n kó lé ara wọn. Wọ́n á fi oògùn kun eku lóorun, wọ́n á la ikùn ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé ńlá méjì tó wà níwájú á yọ síta fúnra wọn, wọ́n á ta òwú mọ́ wọn nídìí, wọ́n á gé wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, eku yẹn ti dìde, ó ń mu omi ṣúgà, èmi tí mo dúró tì í ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n máa ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń retí pé màá rí ewé tuntun níbi tí wọ́n gé, bí ìrù ọmọńlé ṣe máa ń yọ. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ojú ibi tí wọ́n ta òwú mọ́ wà bó ṣe wà, kùkùté lásán. Àwọn ewé kéékèèké ẹ̀yìn tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ló ti wú, etí wọn tó mú tẹ́lẹ̀ ti di roboto, wọ́n ti kún gbogbo àyè yẹn bámúbámú. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ máa rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀dọ̀ odindi. Torí náà “hù padà” tí à ń pè é yẹn, ẹnu ṣáá ni. Èyí tó kù ló ń sanra kún àyè èyí tó lọ, bí àbúrò ṣe máa ń di baálé ilé lójijì tí ẹ̀gbọ́n bá ti rìnrìn-àjò.

Ó dẹ̀ tún ní bó ṣe ń sanra. Àwọn ará Japan kan fi hàn ní 2012, eku kékeré ni wọ́n lò, pé tó bá jẹ́ díẹ̀ lẹ gé, ká sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ẹ̀dọ̀, ò tiẹ̀ ní da ara wọn láàmú pé àwọn ń pín sí méjì, wọ́n á kàn wú, ó parí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gé púpọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wú ná, kí wọ́n tó wá máa pín. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ọlẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n, pípín léwu, gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe ẹ̀dà jíìnì ẹ̀, ìwé ìtọ́ni tó wà nínú ẹ̀, ló lè ṣì í kọ, àṣìkọ tó bá pọ̀ ló ń di jẹjẹrẹ, torí náà ohun tí wíwú bá lè tán, wọn kì í pín sí i.

Èyí kò wá ní kí ẹ rò pé ẹ̀dọ̀ tí ò sí ohun tó ṣe é kàn jókòó tẹtẹrẹ o. Ní 2022, àwọn kan ní Dresden ní Jámánì fi àmì tí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láyé ọjọ́sí fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ wọn ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ èèyàn, látorí ẹni ogún ọdún dé orí ẹni ọdún 84, ohun tí wọ́n rí ni pé lápapọ̀, ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì yẹn ò pé ọdún mẹ́ta. Bàbá yín lè ti pé 80, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa: àwọn tó kù yẹn, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn yòókù ti lọ? Wọn ò lójú, wọn ò létí. Nancy Bucher àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Massachusetts General Hospital ní Boston wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìbéèrè yẹn há eku lọ́nà. Ní 1951 wọ́n rán eku méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìbejì tí wọ́n bí lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa pàdé, wọ́n wá gé ẹ̀dọ̀ ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀ èkejì tẹ́nikẹ́ni ò fọ̀bẹ kàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sẹ́ẹ̀lì! Ní 1967, òun àti Moolten tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn eku pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ máa bọ̀ dáadáa, ibì kan náà lọ̀rọ̀ já sí. Oníṣẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń jíṣẹ́ kiri ara.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ayé wá dojú kọ ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, inú ihò tí mo ki ìka bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Thomas Starzl, ẹni tó kọ́kọ́ dán pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ èèyàn wò ní Denver ní 1963, fi ajá ṣe é, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ pín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ sí méjì, ìdajì ẹ̀dọ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin kọjá, ìdajì kejì ń gba ẹ̀jẹ̀ tó wá láti ibòmíì. Ìdajì àkọ́kọ́ ń dán, ìkejì ń rù. Insulin ló pọ̀ jù nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn. Insulin tí ẹ̀ ń gbọ́ níbi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà náà ni o.

Ẹ jẹ́ n ṣe é ní wákàtí-wákàtí kó lè yé wa. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́: gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, tí ẹ̀dọ̀ odindi ń pín gbà tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló kù tó máa gbà á. Ẹ̀yin ará Èkó, ká ní wọ́n ti Third Mainland, wọ́n tún ti Eko Bridge, gbogbo mọ́tò tó ń lọ sí Island wá já sí Carter lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe ń ti ògiri iṣan nìkan ti tó láti jí ilé, ká má tíì sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti wá ń gba ìpín ẹni mẹ́ta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà lára ògiri yẹn, sẹ́ẹ̀lì Kupffer ni wọ́n ń jẹ́, ọlọ́dẹ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé ìdọ̀tí kòkòrò àìfojúrí tó bá ti ìfun wá. Tí ìdọ̀tí yẹn bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á figbe ta. Igbe wọn yẹn ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní TNF àti IL-6. Ní 1996, wọ́n lo àwọn eku kékeré tí ò ní IL-6 láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ẹ̀dọ̀ wọn ò rọ́nà dàgbà padà dáadáa, nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní IL-6 lábẹ́rẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Igbe yẹn kì í mú kí sẹ́ẹ̀lì pín o, ńṣe ló kàn ń jí wọn. Ẹni tó jí ṣì máa fọ ojú kó tó lọ sóko. Ohun tó ń lé wọn lọ sóko gan-an ni kiní kan tó ń jẹ́ HGF, tí Nakamura àtàwọn ará Japan ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí nínú eku ní 1984, tí Michalopoulos náà ń lé lọ́tọ̀ l'Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ibi tó dùn jù nínú ẹ̀ nìyí: sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ò lè ṣe HGF fúnra ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn tó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tó ń tọ́jú fítámì A, wọ́n dẹ̀ ti kó díẹ̀ pamọ́ sínú àwọ̀n tó gbé gbogbo ilé ró. Láàárín wákàtí kan sí méjì tí wọ́n gé ẹ̀dọ̀, àwọ̀n yẹn ti ń tú, HGF ti ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òmíràn tó ń jẹ́ EGF náà ń ti ìfun bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Tẹ́ ẹ bá dí etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ HGF, ẹ̀dọ̀ á ṣì dàgbà, á kàn pẹ́. Tẹ́ ẹ bá dí etí tó fi ń gbọ́ EGF, bákan náà. Ìgbà tí wọ́n di etí méjèèjì pọ̀ nínú eku ní Pittsburgh, ìwádìí tó jáde ní 2016, ni gbogbo ẹ̀ wá dúró pa, tí ẹ̀dọ̀ ọ̀hún ò lè gbé ẹrù mọ́. Ẹlẹ́dàá ò fi kọ́kọ́rọ́ irú ilé yìí sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nínú eku ńlá, nǹkan bíi wákàtí 24 ni iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀dà jíìnì ń ga jù, nínú eku kékeré ó ń tó wákàtí 36 sí 48. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ló máa ń ṣíwájú, àwọn tó wà lára iṣan àti ti ojú ọ̀nà òróòro á wá tẹ̀ lé wọn. Gbogbo àkókò yẹn dẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò ti ṣọ́ọ̀bù o! Ó ṣì ń pèsè ṣúgà fún ọpọlọ, ó ṣì ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ bá mi rí oníbúkà tó ń kọ́ ilé tuntun sórí búkà, tí kò dẹ̀ pa ààrò.

Bíréèkì wá ńkọ́? Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni TGF-beta, àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ yẹn kan náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rí àwọn aládùúgbò yẹn, àwọn ló ní kó lọ, àwọn náà ló ní kó dúró. Ó dẹ̀ yani lẹ́nu pé wọn kì í dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí kí wọ́n tó mú un jáde, ó ti ń pọ̀ sí i láti wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín máa ń di etí sí i fúngbà díẹ̀, tó bá yá etí á là padà, wọ́n á gbọ́ ohun tó ti ń sọ láti àná.

Àmọ́ òṣùwọ̀n gan-an tí mò ń wá kiri, ibi tó yà mí lẹ́nu jù ló ti jáde. Ẹ mọ àwọn kòkòrò tíntìntín tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù nílé ìdáná? Àwọn tó ń fi kòkòrò yẹn ṣe ìwádìí rí i ní 2003 pé jíìnì kan wà, tó bá ti bàjẹ́, orí kòkòrò náà á wú, á dúdú, awọ ẹ̀ á ká jọ bíi ti ọrùn erinmi. Wọ́n bá sọ jíìnì yẹn ní Hippo, erinmi náà ni. Jíìnì yẹn àtàwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ wà lára wa náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa di ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ YAP mú, èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì ni, kó má bàa wọ inú yàrá jíìnì, torí tó bá wọ ibẹ̀, pípín ló máa pa láṣẹ. Ní 2007, Duojia Pan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Johns Hopkins ní Baltimore tú YAP sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ eku kékeré. Ẹ̀dọ̀ eku yẹn tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 5 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀, ó dé 25 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ìdá kan nínú mẹ́rin eku yẹn, ẹ̀dọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tún dè é padà, ẹ̀dọ̀ rọ wálẹ̀ sí ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láì dè é, jẹjẹrẹ ló yọ.

Kí ló wá ń sọ fún erinmi ìgbà tó yẹ kó dì í mú? Ohun púpọ̀ ni, díẹ̀ lára ẹ̀ ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe fún mọ́ra, ọwọ́ wọn bá ti ń kan ara wọn dáadáa, àyè ti kún nìyẹn, ó tó. Òmíràn ni iṣẹ́ tí ara ń bu fún ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni òróòro ti wọlé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kéèyàn fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, pé kó ní sùúrù. Mi ò sọ pé àwọn baba wa ti ṣe rísáàṣì o, ẹ má lọ kọ ọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé èròjà inú òróòro yẹn wà lára òṣùwọ̀n tí à ń wí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó ń dà á sínú ìfun kó lè da ọ̀rá oúnjẹ, ìfun á fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e padà wá sí ẹ̀dọ̀. Tí ẹ̀dọ̀ bá kéré ju iṣẹ́ lọ, èyí tó ń padà bọ̀ á pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, yóò máa gbá jọ sí i lára. Sẹ́ẹ̀lì ní ohun kan tó ń tọ́ ọ wò, FXR ni wọ́n ń pè é, tó bá ti tọ́ ọ pé ó pọ̀, ó mọ̀ pé àwọn ò tó níye nìyẹn, kí wọ́n pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá pọ̀ tó, òróòro á dínkù, ìpè á dákẹ́. Ohun tí alápatà mi ń sá fún láàárọ̀ yìí ni ẹ̀dọ̀ fi ń wọn ara ẹ̀.

Ara onílé ló ń pinnu gbogbo ẹ̀, ẹ̀rí tó dá mi lójú jù nìyí. Lọ́dún 1987, Starzl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé lórí ẹ̀dọ̀ ajá kékeré tí wọ́n gbé sínú ajá ńlá, ó dàgbà títí ó fi bá ajá ńlá mu, ó dẹ̀ dúró. Ní 1992 ní Pittsburgh, ọkùnrin ẹni ọdún 35 kan tí àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) ti ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní baboon fún un. 70 ọjọ́ ló lò kó tó kú. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ yẹn ti tóbi dé ìwọ̀n tó yẹ èèyàn. Jíìnì ọ̀bọ ló wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n ọ̀bọ ló yẹ kó mọ̀, àmọ́ ara èèyàn ni wọ́n gbé e sí, ara èèyàn ló ń bu iṣẹ́ fún un, ìwọ̀n èèyàn ló dẹ̀ bá lọ.

Agbára yìí ló jẹ́ kí alààyè lè fún alààyè lẹ́dọ̀. São Paulo ní Brazil ni Silvano Raia ti kọ́kọ́ dán an wò ní December 1988, ọmọ tí wọ́n fún ò yè é. Ní July 1989, ní Brisbane ní Australia, Russell Strong gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ ará Japan fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, èyí yè. Ẹ̀dọ̀ ìyá dàgbà padà, ti ọmọ ń dàgbà bá ọmọ lọ. Wọn kì í kàn gé e bó bá ṣe wù wọ́n sha. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ìlànà pé ó yẹ kí èyí tí wọ́n máa gbé fún aláìsàn tó 0.8 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀, ká sọ pé ẹni 70 kílò, nǹkan bíi 560 gíráàmù. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ẹ rántí Carter Bridge: ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó jí i ló máa ya lù ú, á wó o. Ohun kan náà tó ń pè é dìde lè pa á tó bá pọ̀ jù.

Mo fẹ́ yára sọ̀rọ̀ lórí ibi tó ti ń bàjẹ́, torí mo rí i pé àwọn kan ti ń wo aago. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ọgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni ọgbẹ́ ń wọlé, ọtí lójoojúmọ́, àbí mẹ́dọ̀wú B tó jókòó síbẹ̀ fún 20 ọdún, sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tó ń pín HGF yẹn á pa iṣẹ́ dà, á wá máa fi àpá lẹ gbogbo ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ò dẹ̀ ní yéé gbìyànjú, á ṣì máa pín, àmọ́ àárín àpá ló ti ń pín, á wá di kókó-kókó tí ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà gbà láàárín wọn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí, ó le gbagidi, kò rọ̀ bí èyí. Bí gbogbo pípín yẹn dẹ̀ ṣe ń lọ, àṣìkọ ń pọ̀ sí i. Ká tún fi májèlé olú tó ń hu lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn ò sá gbẹ dáadáa kún un, aflatoxin, tó máa ń ba jíìnì kan tó jẹ́ olórí àwọn bíréèkì inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ẹ máa rí ìdí tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí.

Ìbéèrè wá pọ̀, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀.

Bọ̀dá kan tó jókòó lẹ́yìn ní, “Àǹtí, tó bá jẹ́ pé ó ń dàgbà padà, ṣé èèyàn ò lè máa tà á díẹ̀díẹ̀?” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó ń ṣàwàdà, ọrọ̀ ajé yìí ti mú èèyàn. Mo ní rárá o, ẹ̀gbọ́n, òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ò gbà kí wọ́n ta ẹ̀yà ara èèyàn. Ẹ dẹ̀ rántí kùkùté ara eku: ewé tó lọ ò padà wá, èyí tó kù ló sanra, àwọn iṣan tí dókítà máa fi so ó mọ́ ẹlòmíì ti lọ pẹ̀lú ewé yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń fún ni. Àwọn tó fún ni tí wọn ò dìde mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì wà, wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà.

Màmá kan ní, “Ọmọ mi, ibà pọ́njú mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọge, àgbo ni ìyá mi fún mi, ara mi dẹ̀ yá. Ṣé àgbo ọ̀hún kọ́ ló wò ó ni?” Mo ní mà, mi ò sí níbẹ̀, mi ò dẹ̀ ní bá ìyá yín jà. Àmọ́ ojú pípọ́n yẹn, ọ̀pọ̀ ohun ló ń fà á, tó bá jẹ́ mẹ́dọ̀wú A ni, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Mẹ́dọ̀wú B pàápàá, tó bá mú àgbàlagbà, ara tó ju 90 nínú 100 wọn ló máa lé e lọ, ọmọ ìkókó tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí ni ọ̀rọ̀ yí padà fún, nǹkan bíi 90 nínú 100 irú wọn ló máa bá a gbé títí, ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i nìyẹn. Bóyá ẹ̀dọ̀ yín ló ṣiṣẹ́, àgbo ló gba ọpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun máa gbọ́ ọ lọ́run.

Ẹnì kan tún bèèrè nípa Panadol. Èèyàn ńlá ò gbọdọ̀ lò ju 4 gíráàmù lọ lóòjọ́, hóró 8 tó jẹ́ 500 mílígíráàmù nìyẹn, ẹni tó bá ń mu ọtí dáadáa, kó má tiẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ dẹ̀ yẹ ara páálí oògùn òtútù wò, torí kiní kan náà ló máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ ó máa rò pé oògùn méjì lẹ lò.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, màmá oníbà pọ́njú yẹn sún mọ́ mi, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀dọ̀kì yẹn ṣe. Mo ní kò sí. Ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ó yẹ abẹ́ ẹ̀ wò níbi tí àpò òróòro wà tẹ́lẹ̀, ó fìka kàn án, ó fi kan ahọ́n, ó ní alápatà yẹn mọṣẹ́.